Obìnrin Tó Bi Àjẹ́ Léèrè Ọ̀rọ̀

Ẹ fà mọ́ iná yìí, ẹ jẹ́ kí n máa rí ojú yín. Mallam ti ta súyà rẹ̀ tán, ó ní ká yá ẹyín iná tó kù, iná mànàmáná kò sì tíì dé láti ìrọ̀lẹ́. Ìwọ oníkẹ̀kẹ́, pa ẹ́ńjìnnì yẹn. Èrò wo lo tún fẹ́ rí gbé ní Apple Junction lágogo mẹ́wàá alẹ́? Jókòó. Ẹ ní ẹ fẹ́ gbọ́ ohun ìyanu. Àlọ́ kọ́ ni n ó pa o, ìjàpá kò sí nínú rẹ̀. Àwọn tí n ó dárúkọ lónìí yìí, wọ́n ní ọjọ́ ìbí, wọ́n ní ọjọ́ ikú, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kọ ìwé sílẹ̀.

Orí ilẹ̀ tí a jókòó sí yìí ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ń sọ pé Festac, Festac, bí ẹni pé orúkọ baálẹ̀ kan ni. Orúkọ àjọ̀dún ni. Láti 15 January títí di 12 February 1977, àwọn aláwọ̀ dúdú kó láti ibi gbogbo lágbàáyé wá sí Èkó, wọ́n wá fi iṣẹ́ ọnà àti àṣà wọn ṣe àríyá. Ìjọba kọ́ ilé rẹpẹtẹ kí àlejò lè rí ibi sùn. Nígbà tí àlejò lọ tán, wọ́n dìbò pín ilé náà, ẹni tí ìbò mú ló wọlé. Èmi náà wà lára àwọn tí ìbò mú, bó ṣe di pé ẹ bá mi níbí nìyẹn.

Ọ̀kan lára àwọn olórin tó wá láti Amẹ́ríkà lọ́dún náà ń jẹ́ Sun Ra. Ìlú Birmingham ní Alabama ni wọ́n bí i sí, lọ́dún 1914. Ṣùgbọ́n bí o bá bi òun fúnra rẹ̀, á ní irọ́ ni, pé ilé ayé kọ́ ni orírun òun, pé òkè lọ́hùn-ún, ní Saturn, ni òun ti wá. Aṣọ dídán bí ti ọba Íjíbítì àtijọ́ ló ń wọ̀. Ó ń kọ ewì, ó ń kọ ìwé pélébé nípa ohun tí ojú lásán kò rí. Ní 1971, yunifásítì Berkeley ní California gbà á síṣẹ́ kó máa kọ́ àwọn ọmọ wọn nípa aláwọ̀ dúdú àti òfúrufú. Ẹ gbọ́ ná: ẹni tó ní Saturn ni ilé òun, òyìnbó fún un ní kíláàsì! Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí obìnrin Yorùbá kan wà tó fẹ́ fi èrò àwọn bàbá ńlá rẹ̀ gba oyè ní yunifásítì ilẹ̀ baba rẹ̀, tí kò rí ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó lè dúró tì í.

Sophie Bọ́sẹ̀dé Olúwolé ni. Ọmọ Ìgbàrà-Òkè ní ìpínlẹ̀ Òndó. Wọ́n bí i ní 12 May 1935. Ẹni tó bá yẹ kàlẹ́ńdà ọdún náà wò á rí i pé ọjọ́ Ìsinmi ni, kò sì yà mí lẹ́nu tí orúkọ rẹ̀ fi jẹ́ Bọ́sẹ̀dé. Ní àwọn ọdún 1960, ó tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ dé Moscow, ó dé Jámánì, ó dé Amẹ́ríkà. Ó padà wálé, ó wọ Yunifásítì Èkó ní Akọka, ó kẹ́kọ̀ọ́ fìlọ́sọ́fì, ó jáde ní 1970, ó sì di olùkọ́ níbẹ̀.

Fìlọ́sọ́fì nígbà náà, orúkọ òyìnbó ni láti òkè dé ilẹ̀. Plato, Aristotle, Descartes, Kant. Tí akẹ́kọ̀ọ́ bá béèrè pé àwọn bàbá wa ńkọ́, wọ́n á ní ìtàn ẹnu lásán ni tiwọn, pé ibi tí kò bá sí ìwé, kò lè sí fìlọ́sọ́fì. Bọ́sẹ̀dé fẹ́ kọ ìwé oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ lórí bí Yorùbá ṣe ń ronú lórí ìwà rere àti ìwà búburú. Kò sí ẹni tó mọ ọ̀nà ibẹ̀ tó láti tọ́ ọ sọ́nà. Ló bá yí i padà, ó kọ ọ́ lórí òfin tí gbogbo ayé mọ̀, pé ohun tí o kò fẹ́ kí wọ́n ṣe sí ọ, má ṣe é sí ọmọnìkejì rẹ. Ìbàdàn fún un ní oyè náà ní 1984, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó gba oyè ọ̀mọ̀wé fìlọ́sọ́fì ní yunifásítì Nàìjíríà. Nígbà tó gba ìwé ẹ̀rí wọn tán, ó wá kọjú pátápátá sí ohun tó ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn tipẹ́: Ifá, orí, àtúnwá, àjẹ́. Ibi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń sá fún ló lọ tẹ́ ẹní sí. Mamaláwo ni wọ́n wá ń pè é.

Kí ló rí lára Ifá? Ẹ bá mi ṣa ìdérí ìgò mẹ́jọ wá. A kì í wá a tì ní Apple Junction. Ó dáa. Ẹ tò ó sí ìlà méjì síwájú mi, mẹ́rin lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì. Bí ọ̀pẹ̀lẹ̀ babaláwo ṣe rí nìyẹn: ẹ̀wọ̀n kan tí wọ́n so èèpo èso mẹ́jọ mọ́. Tí ó bá jù ú sílẹ̀, ẹyọ kọ̀ọ̀kan lè ṣí inú sókè, ó sì lè dojú bolẹ̀. Kò sí ẹ̀kẹta. Èyí tó bá ṣí inú, ìlà kan ni. Èyí tó bá dojú bolẹ̀, ìlà méjì ni. Ẹ wò ó, mo ṣí gbogbo wọn sókè: Èjì Ogbè. Mo da gbogbo wọn délẹ̀ báyìí: Ọ̀yẹ̀kú Méjì. Tí mo bá yí ẹyọ kan péré padà, odù mìíràn ti dé, ẹsẹ mìíràn, ìtàn mìíràn, ẹbọ mìíràn.

Ìwọ tó ń múra JAMB, yọ fóònù rẹ. Méjì lọ́nà méjì, tún un ṣe títí méjì yóò fi pé mẹ́jọ. Èló?

"256, Bàbá."

Odù Ifá mélòó ló wà? 256. Mẹ́rìndínlógún ni ojú odù, 240 yòókù ni àmúlù. Ẹ tún bi ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lọ́hùn-ún pé ìrísí mélòó ni báìtì kan lè ní. Ààyè mẹ́jọ ni báìtì kan ní, ààyè kọ̀ọ̀kan jẹ́ òdo tàbí ení. 256 náà ló máa pè fún yín. Ará Jámánì kan, Leibniz, ló tẹ ìṣirò òdo òun ení jáde ní 1703, ẹnu sì yà á nígbà tó rí i pé àwọn ará Ṣáínà ti ń lo irú ìlà bẹ́ẹ̀ nínú I Ching, ìwé tí wọ́n fi ń ṣe àyẹ̀wò. Àmì 64 ni tiwọn, nítorí ìlà mẹ́fà ni wọ́n ń lò.

Ẹ má lọ sọ níwájú ìta pé Bàbá ní Ifá ló ṣe kọ̀ǹpútà. N kò sọ bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá sì ń sọ ọ́ ń fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Olúwolé rí ìbátan tó wà láàárín ìṣirò méjèèjì, ó sì ń sọ ọ́ sókè. Ohun tó ń bí i nínú ni pé àwọn tó to nǹkan yìí, tí wọ́n sì kó ìtàn àti ewì jọ sórí odù kọ̀ọ̀kan, tí babaláwo ń fi ọdún gbọọrọ há sórí láìwo ìwé, àwọn náà ni wọ́n ń júwe fún ọmọ ilé ìwé pé wọn kò lè ronú. Nígbà tí UNESCO wá ka Ifá mọ́ ohun ìní gbogbo ayé ní 2005, àwọn tó ti ń bú u tẹ́lẹ̀ ni wọ́n sáré wá ya fọ́tò.

Ìwé tó fi parí ọ̀rọ̀ yìí ni Socrates and Orunmila, tó jáde ní 2014. Socrates, ará Gíríìkì tí àwọn aráàlú rẹ̀ fún ní májèlé mu ní 399 kí wọ́n tó bí Jésù, kò kọ ìwé kankan. Ẹnu àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀, Plato pàápàá, ni a ti ń gbọ́ tirẹ̀. Ọ̀rúnmìlà náà kò kọ ìwé. Ẹnu àwọn ọmọ awo la ti ń gbọ́ tirẹ̀. Kí ló dé tí ẹni àkọ́kọ́ fi jẹ́ bàbá fìlọ́sọ́fì, tí ẹni kejì jẹ́ òrìṣà tí a kò gbọdọ̀ dárúkọ ní ilé ìjọsìn? Ìbéèrè obìnrin náà nìyẹn, n kò sì tíì rí ẹni tó dá a lóhùn tó tẹ́ mi lọ́rùn. Ó tún ní ìyàtọ̀ kan wà. Nínú ìrònú àwọn òyìnbó, nǹkan méjì tí kò jọra máa ń bá ara wọn jà ni: ẹ̀mí dojú kọ ara, ọgbọ́n orí dojú kọ ìmọ̀lára, ọ̀kan ní láti borí. Ní ti Yorùbá, wọ́n dúró ti ara wọn ni. Tibi tire, tọ̀sán tòru, takọ tabo. Ìlà kan àti ìlà méjì ló para pọ̀ di odù. Yọ ọ̀kan kúrò, kò sí Ifá mọ́.

Òun kọ́ ló kọ́kọ́ mú Ọ̀rúnmìlà wọ inú ìwé o. Àlùfáà Áńgílíkà kan, E. M. Lijadu, tó ṣiṣẹ́ ní Òndó, ló tẹ ìwé tó pè ní Ọ̀rúnmìlà jáde ní 1908. Ó fẹ́ mọ Ifá kó lè rí ọ̀nà wàásù Kírísítì fún àwọn onífá, ó sì fi sùúrù gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn babaláwo. Àwọn kan kò gba ti ìwádìí, ìran ni wọ́n rí. Ní 1925, olùkọ́ ìjọ kan tó jẹ́ ọmọ Ògèrè ní Rẹ́mọ, Josiah Òṣítẹ̀lú, rí ojú ńlá kan lóru tó ń tàn bí oòrùn. Láti ọjọ́ náà ló ti ń kọ ìran rẹ̀ sílẹ̀, ìwé lórí ìwé, ó tiẹ̀ ní ìkọ̀wé kan tó ní ẹ̀mí ló fi han òun. Wọ́n lé e kúrò nínú iṣẹ́ ìjọ, ó lọ dá Ìjọ Olúwa sílẹ̀ ní 1930, ó sì wà níbẹ̀ títí ó fi kú ní 1966. Òṣítẹ̀lú rí i, ó gbà á, ó kọ ọ́. Lijadu gbọ́ ọ, ó kọ ọ́, ó fẹ́ fi tirẹ̀ rọ́pò. Mamaláwo ló bi í léèrè pé: báwo la ṣe mọ̀?

Yétúndé, sún mọ́ ibí. Ta ni wọ́n fi orúkọ rẹ pè?

"Ìyá bàbá mi ni, Bàbá. Oṣù méjì lẹ́yìn tí wọ́n kú ni wọ́n bí mi."

Ṣé ìwọ nìkan ni Yétúndé nínú ẹbí yín?

"Rárá o. A jẹ́ mẹ́ta."

Ẹ gbọ́! Ìyá kan kú, ó padà wá ní ọmọ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, síbẹ̀ bí ọdún bá yí po, ẹbí ṣì ń lọ sí ibojì rẹ̀ láti bá a sọ̀rọ̀. Ta ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀ nígbà náà? Bọ́lájí Ìdòwú, ẹni tó di olórí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì Nàìjíríà, ti rí kókó yìí nínú ìwé rẹ̀ Olódùmarè ní 1962. Ó ní àtúnwá Yorùbá kì í ṣe irú ti àwọn ará Íńdíà tí ẹ̀mí ń fi ara kan sílẹ̀ bọ́ sí òmíràn. Ó ní bí ẹni pé ó padà wá ni, torí òkú náà ṣì wà ní ọ̀run láìyẹsẹ̀. Olúwolé náà fi ọ̀rọ̀ àtúnwá sínú ìwé rẹ̀ ti 1992, Witchcraft, Reincarnation and the God-Head. Ó gbé e kalẹ̀ bí ọ̀rọ̀ tó yẹ kí àwọn onífìlọ́sọ́fì jókòó tì, pé bí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá ń sọ pé àwọn rí àmì ara òkú lára ọmọ tuntun, ẹnì kan ní láti lọ wò ó. Èmi ò rò pé wíwò yẹn á so èso kan. Tí ọmọ bá jọ ìyá bàbá rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ló jọra, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n Yétúndé, má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi bà ọ́ nínú jẹ́. Orúkọ rẹ dára.

Ọ̀rọ̀ àjẹ́ ló gbóná jù lọ. Kí n tó sọ ti obìnrin náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú èmi rí.

Ẹ̀gbádò ni wọ́n bí mi sí, ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Yewa báyìí. N kò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ nígbà tí àwọn Atinga tó ń ṣọdẹ àjẹ́ dé. Gold Coast, tó di Gánà, ni ẹgbẹ́ náà ti ṣẹ̀ wá. Wọ́n gba ilẹ̀ Dahomey wọ ọ̀dọ̀ wa ní nǹkan bí ìparí 1950. Ìlú ló ń pè wọ́n, ìlú ló ń san owó fún wọn. Wọ́n á lu ìlù, wọ́n á jó títí nǹkan á fi gùn wọ́n, ẹni tí nǹkan gùn á wá máa na ọwọ́ sí àwọn obìnrin: ìwọ, ìwọ, ìwọ yẹn. Àgbàlagbà ló pọ̀ jù. Ẹni tó bá jẹ́wọ́, á san owó, wọ́n á wẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹni tó bá ní òun kò mọ nǹkan kan, á mú adìẹ wá. Wọ́n á dá adìẹ náà lọ́rùn, bó bá ṣe ṣubú kú ni wọ́n fi ń dá ẹjọ́. Wọ́n wó ojúbọ òrìṣà, wọ́n gé igi àwọn baba wa lulẹ̀, ìlú ń pàtẹ́wọ́.

Wọ́n nawọ́ sí ìyá bàbá mi. Mo wà níbẹ̀, mo di ẹ̀gbẹ́ ìró ìyá mi mú. Ìyá àgbà ní òun kò jẹ́ àjẹ́. Adìẹ rẹ̀ ṣubú síbi tí kò yẹ. Wọ́n lù ú. Nígbà tó yá, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun jẹ́ àjẹ́, òun ti pa ọmọ mẹ́ta, ó tún dárúkọ wọn. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó dárúkọ dúró lẹ́yìn mi, ó ń jẹ àgbàdo.

Ìjọba fi òfin de Atinga ní 1951, ariwo náà sì lọ sílẹ̀. Nígbà tí mo di géńdé, mo bi ìyá àgbà ní ìkọ̀kọ̀ pé, "Ìyá, ṣé ẹ jẹ́ àjẹ́ lóòótọ́?" Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Mo ní mo jẹ́ ẹ kí n lè padà sílé."

Nítorí náà, nígbà tí ẹnì kan sọ fún mi pé obìnrin ọ̀mọ̀wé kan ní Akọka kọ ìwé tó fi ń gbè lẹ́yìn àwọn tó ní àjẹ́ wà, inú bí mi. Ọdún 1978 ni ìwé náà jáde nínú jọ́nà Second Order, lórí wíwà àjẹ́. Ẹ̀yìn ìgbà tí mo ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo tó rí i pé iṣẹ́ tó ṣe kì í ṣe ti Atinga. Ohun tó ń bá jà ni ìgbéraga. Ó ní àwọn ọ̀mọ̀wé ń sọ pé kò sí àjẹ́ torí pé sáyẹ́ǹsì kò rí i, bí ẹni pé ohun tí sáyẹ́ǹsì kò tíì rí kò lè sí. Ó ní àìrí kì í ṣe àìsí. Pé ẹni tó bá fẹ́ sọ pé irọ́ ni gbogbo ohun tí odindi ìran ènìyàn ń sọ, kó lọ ṣe ìwádìí kó tó sọ ọ́. Lọ́dún náà gan-an, Peter Bọ́dúnrìn ní Ìbàdàn dúró ní òdìkejì: ohun tí kò bá ní ẹ̀rí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, ká má gbà á, ìbáà ṣe ti ilé, ìbáà ṣe ti òde. Àríyànjiyàn tó dùn ni. Àwọn ọmọ Nàìjíríà méjì ń fi ọgbọ́n takò ara wọn lórí àjẹ́, kò sí ẹni tó pa adìẹ.

Ìwé kan wá jáde ní 1986 tó tù mí nínú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúbí Ṣódípò ní Yunifásítì Ifẹ̀ àti Barry Hallen, ará Amẹ́ríkà, jọ jókòó ti àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Èkìtì fún ọdún púpọ̀, wọ́n kàn ń bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ ni. Àwọn oníṣègùn yìí kò mú ìmọ̀ àti ìgbàgbọ́ bí ohun kan náà. Ohun tí ojú rẹ rí, tí ọkàn rẹ sì jẹ́rìí sí, ìyẹn lo mọ̀. Ohun tí wọ́n sọ fún ọ, bó ti wù kó jẹ́ àgbà ló sọ ọ́, o gbà á gbọ́ ni, o kò mọ̀ ọ́n. Ẹ wá wo èyí: gbogbo ìlú wa tó pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n lu ìyá àgbà, ta ló mọ̀ nínú wọn? Wọ́n gbà á gbọ́ ni. Àwọn oníṣègùn náà tún ní àjẹ́ kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ìkà. Agbára kan ni tó lè wà lára ẹni rere, kódà lára oníṣègùn. Ohun tí wọ́n ń sọ fún yín ní sinimá Yorùbá, kò dé ibẹ̀ yẹn rárá.

Ẹnì kan á ní ṣé ilẹ̀ adúláwọ̀ nìkan ni irú ọ̀rọ̀ yìí ti ń jà ni. Rárá. Ọmọ òṣìṣẹ́ bàtà kan wà ní ìlú Leicester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Colin Wilson, wọ́n bí i ní 1931. Ó fi ilé ìwé sílẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Kò rí owó ilé san ní London, ó ń sùn nínú àpò ní gbangba ní Hampstead Heath, bí ilẹ̀ bá mọ́ á gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ilé ìkàwé British Museum láti kọ̀wé. Ìwé náà, The Outsider, jáde ní 1956, ó di olókìkí lọ́sẹ̀ kan náà. Ní 1971 ó kọ ìwé ńlá kan lórí awo àti oṣó, The Occult. Ó ní agbára kan fara sin sínú ọpọlọ ènìyàn, tí a fi lè mọ ìgbà mìíràn àti ibi mìíràn lára bí ẹni pé a wà níbẹ̀; ó ní àárẹ̀ ojoojúmọ́ ló bò ó mọ́lẹ̀. Ó kọ ìwé tó ju ọgọ́rùn-ún lọ kó tó kú ní 2013. Wilson jẹun lórí ọ̀rọ̀ awo, ó sì dára fún un. Ohun tó ń wá káàkiri inú ìwé, inú rẹ̀ ni wọ́n bí Bọ́sẹ̀dé sí. Ṣùgbọ́n àwọn tó jókòó sórí àga yunifásítì níbí ń bẹ̀rù pé òyìnbó á fi àwọn rẹ́rìn-ín.

Ìwọ oníkẹ̀kẹ́ ní ibo ni èmi dúró sí gan-an. Mo bá Olúwolé lọ débi pé Ifá jẹ́ iṣẹ́ àwọn tó ronú, pé kí àwọn ọmọ ilé ìwé máa kà á níbi tí wọ́n ti ń ka Plato. Mo bá a lọ débi pé kí ẹnikẹ́ni má fi ẹ̀rín pa ìbéèrè. Lórí àjẹ́, ibẹ̀ la ti pín. Ẹni tó bá ní ká má tíì sẹ́ ẹ títí a ó fi ṣe ìwádìí, ó dára nínú kíláàsì. Ní ìta, àwọn tí kò ní sùúrù kì í dúró de ìwádìí. Wọ́n á gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀, wọ́n á ní ọ̀mọ̀wé ti sọ pé àjẹ́ wà, wọ́n á wá arúgbó kan. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi ti rí ìdí adìẹ náà.

Sophie Olúwolé kú ní 23 December 2018, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Fídíò rẹ̀ wà lórí YouTube tí ẹ lè wò láti orí fóònù yín, níbi tó ti ń ro èrò rẹ̀ sókè, tí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ẹ wò ó kí ẹ tó gba ti èmi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan tó kù, kí Mallam tó wá gba àdògán rẹ̀. Mo gbọ́ bí ẹ ṣe ń ṣàwàdà nígbà tí ìyá arúgbó tó ń ta ẹ̀pà yẹn kọjá lẹ́ẹ̀kan. Abala 210 wà nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn Nàìjíríà, Criminal Code. Ẹni tó bá pe ọmọnìkejì rẹ̀ ní àjẹ́, tàbí tó bá fi í halẹ̀ mọ́ ọn, ó ṣẹ̀ sí òfin náà. Ẹni tó bá sì ń pariwo pé òun gan-an ní agbára àjẹ́, òun náà ṣẹ̀. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún méjì.